Rédíò Ti Dákẹ́, Mo Ṣì Ń Kọrin

Iná yàrá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá aya. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá dìde, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ìwọ gílóòbù yìí, mo ti dàgbà kọjá ohun tí ò ń wá o." Mo tilẹ̀ kọrin fún un:

Iná, má ṣẹ́jú sí mi,
Ọkọ mi ti lọ, mi ò wá òmíràn,
Bí o bá fẹ́ tàn, tàn,
Bí o bá fẹ́ kú, kú,
Ojú mi kì í ṣe ojú ọmọge.

Ìyàwó mi gbọ́ orin náà láti pálọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ọmọ mi ni mò ń wí, aya àkọ́bí mi, tó ń kọ́ṣẹ́ iná. Ẹni tó bá rí i lójú títì pẹ̀lú àkàbà léjìká á rò pé ó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé e ni. Rárá o, tirẹ̀ ni. Búrẹ́dì ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní tiẹ̀. Ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ọkọ, wáyà lọ́wọ́ aya, bí a ṣe ń gbé ilé wa nìyẹn, ara sì tù wá.

Ó wọlé, ó gbójú sókè, ó tú gílóòbù, ó fi tuntun sí i. Tuntun náà ṣẹ́jú.

"Màámi," ó ní, "gílóòbù kọ́. Ibi tí wáyà ti so pọ̀ lókè àjà ló ti dẹ̀. Ibi tí wáyà bá sì ti dẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti máa ń gbóná."

"Gbóná bí i ti báwo?"

"Ẹ ò rí bí igi àjà ilé yìí ṣe gbẹ tó ni? Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Orin kú mọ́ mi lẹ́nu.

Àmọ́ nínú ohun tó bà wá lẹ́rù yìí náà ni ohun tí ìyàwó mi ń wá wà. Ọkùnrin kan wà tó máa ń yẹ iṣẹ́ iná wò kí wọ́n tó fún ènìyàn níwèé pé ó tó dá ṣiṣẹ́. Ayẹnáwò ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti sọ fún ìyàwó mi pé kó wá iṣẹ́ gidi kan, nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, kí òun wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí. Lẹ́ẹ̀kìíní, ọkùnrin náà fa wáyà kan báyìí, wáyà sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí irun orí arúgbó ṣe ń tẹ̀lé kóòmù. Ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Bí ìyàwó mi bá tún kùnà léyìí, ọdún méjì gbáko ni yóò tún fi máa ru àkàbà tẹ̀lé àwọn tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di púláyà mú. Ó fóònù Ayẹnáwò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkùnrin náà ní òun á dé ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Sátidé dé, ìyàwó mi kò ríbi jókòó. Ọ̀gá rẹ̀ pè é síbi iṣẹ́ láàárọ̀, aago méjì kọjá kó tó padà wálé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó dé fìlà, ó bo imú, ó fi dígí bo ojú.

"Ìyàwó," mo ní, "ilé ta lo fẹ́ lọ jà lólè?"

"Eruku ni, Màámi. Àti ìgbẹ́ eku."

Ihò àjà wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn mi. Lára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó gbé àkàbà tì, ni àpótí swíìṣì wà. Swíìṣì kékeré mẹ́fà ló tò síbẹ̀, ọ̀kan ńlá sì jókòó lókè wọn. Ìyẹn ni mò ń pè ní ìyá wọn. Kò sí ẹni tó kọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn ń ṣe sára rẹ̀ rí.

"Màámi, ẹ fetí sí mi. Mo ti ki rédíò bọ iná yàrá yín, mo sì yí i sókè pátápátá. Èmi á ti máa rákò lọ síbi iṣẹ́ lókè, kí n má baà máa gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀yin ẹ máa pa àwọn swíìṣì kékeré yìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí rédíò bá ti dákẹ́, ẹ dúró. Èyí tí ọwọ́ yín wà lára rẹ̀ ló ń gbé iná lọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ni."

"Iṣẹ́ ọmọ ọwọ́!"

Ó gòkè. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fi orúnkún rìn lórí pákó tó tẹ́ sáàárín àwọn igi àjà. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ nínú rédíò, mo sì ń dúró kí ìyàwó mi ní kí n bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ní "Ó yá, Màámi!" báyìí, ni ọkùnrin ojú ọjọ́ gbé orin kan sí i. Ha! Orin tí mo jó sí nígbà tí ìdí mi ṣì mọ ìlù! Kí ni kí n ṣe? Mo gbè é. Orin tó bá ti wọ̀ mí lára, ojú mi máa ń pa dé fúnra rẹ̀ ni. Mo pa swíìṣì kìíní, ó ní "ká!" Orin ń lọ.

"Ó ṣì ń kọ!" ìyàwó mi kígbe láti òkè. "Ẹ pa òmíràn!"

Mo pa ìkejì. Orin ń lọ.

"Ó ṣì ń kọ! Òmíràn!"

Mo pa ìkẹta, mo pa ìkẹrin. Orin náà wá dé ibi tó dùn jù, ibi tí wọ́n ti ń pe olólùfẹ́ kó má lọ nínú òjò. Mo pa ìkarùn-ún, mo fi ìdí sí i. Mo pa ìkẹfà.

"Màámi, ó mà ṣì ń kọ o! Ẹ ti pa mélòó?"

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà!"

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àbí bátìrì wà nínú rédíò yẹn ni?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi! Ta ló kọ́ṣẹ́ nínú àwa méjèèjì?" Mo sì padà sínú orin.

Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn yàrá wọn fi ṣí. Ọmọ mi jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, òógùn lójú. Òru ni òun ń yan búrẹ́dì, ọ̀sán ló fi ń sùn.

"Màámi, fáànù mi kú."

"À ń ṣiṣẹ́. Padà lọ sùn."

"Ta lẹ̀ ń bá kọrin?"

"Rédíò ni."

"Rédíò wo? Rédíò ti kú tipẹ́."

Mo panu mọ́. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kódà fíríìjì ò mí. Ìyàwó mi kígbe ayọ̀ láti òkè àjà:

"Ó ti dákẹ́! Màámi, ó ti dákẹ́! Swíìṣì wo nìyẹn?"

Ọmọ mi fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ́ wálẹ̀ tó jókòó. "Ẹnu yín ni," ó ní. "Ẹ sọ fún un pé ẹnu yín ni swíìṣì ọ̀hún."

Nígbà tá a ṣàlàyé fún ìyàwó mi, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í dà lulẹ̀ láti ihò àjà, ẹ̀rín ló ń gbọ̀n ọ́n lórí pákó. "Mi ò bá yín jà," ó ní. "Ohùn yín ló jọ ti rédíò jù." Àmọ́ aago mẹ́ta ti lù.

A tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi gbé gbogbo swíìṣì sókè, ó wá ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi jókòó sórí àpótí ìjókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìkìíní gan-an ni, rédíò dákẹ́ wẹ́rẹ́. A fi àwọn yòókù sílẹ̀ nítorí fáànù ọmọ mi, èmi sì gun àkàbà dé ìgbésẹ̀ kẹrin, mo yọ orí sínú àjà kí n rí ohun tó ń lọ.

Ìyàwó mi ti fa gílóòbù oníwáyà gígùn kan gòkè láti ilé ìdáná. Ó fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Okùn wáyà márùn-ún pàdé lórí igi kan, wọ́n wú bí orúnkún olóówo, ẹnì kan sì ti fi nǹkan funfun wé wọn.

"Kí nìyẹn?"

"Báńdéèjì ni, Màámi. Báńdéèjì ojú egbò."

"Wáyà ṣèṣe ni?"

"Ẹ bi dókítà rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀."

Dókítà, ọmọ mi, họ orí. Nígbà tó yá, ó ní, "Téèpù ló tán lọ́jọ́ yẹn." Lọ́dún tó kọjá ni, nígbà tí ìyàwó mi lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí iná yàrá mi kú. Ọmọ mi ní òun á tún un ṣe, ó sì gòkè lọ tún un ṣe.

"Báńdéèjì yín ti pọ́n o!" ìyàwó mi kígbe sí i. "Ó pọ́n bí èèpo búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì, ẹ wá kó o, ó ti jinná!"

"Má yan ọkọ ẹ jẹ," mo ní, àmọ́ ẹ̀rín ń pa mí.

Ó mú tẹ́sítà rẹ̀ jáde, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń ké bí iná bá wà nítòsí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi kan wáyà gílóòbù tó fà gòkè, tó mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀. Tẹ́sítà ké píì-píì. Ó dáa, ara rẹ̀ le. Ó wá fi sún mọ́ báńdéèjì tó yẹ kó ti kú.

Píì-píì-píì!

Ìyàwó mi fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ṣebí rédíò dákẹ́," mo ní.

"Rédíò dákẹ́, Màámi. Wáyà yìí ni ò dákẹ́." Ó kọjú síbi ihò. "Olówó orí mi, kí lẹ tún dì mọ́ inú báńdéèjì yìí?"

Ọmọ mi wúkọ́ nísàlẹ̀.

"Mò ń bi yín o."

"Fáànù mi," ni ọmọ mi wí, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó jí ṣúgà lá. Ó ní láti ilé ìdáná lòun ti fa iná wá fún fáànù náà, inú báńdéèjì náà lòun ti so ó, òun sì wá di gbogbo wọn pọ̀ kó má baà rí jákujàku.

"Swíìṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdílé méjì! Ìdílé méjì tí ò mọ ara wọn rí, lẹ tẹ́ sórí ẹní kan ṣoṣo!"

Mo wo aago ọwọ́ mi. Ó ti kọjá mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Àánú ọmọ ọlọ́mọ yìí ṣe mí. Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò lè sẹ́: "Ìyàwó, ṣé o ò lè wọ ìbọ̀wọ́ rẹ, kí o rọra ṣe ti yàrá mi, kí o fi ti fáànù sílẹ̀ dọ̀la? Ọkùnrin yẹn ti fẹ́ dé."

Ó yí ojú sí mi. Mi ò rí ju ojú náà lọ lára rẹ̀, gbogbo ìyókù wà nínú aṣọ.

"Màámi, iná ò mọ aago mẹ́rin. Kò sì mọ̀ pé ìyàwó yín ni mí. Bí ìwé náà bá máa bọ́, kó bọ́. Ẹ lọ pa gbogbo swíìṣì, àti ìyá wọn, bí ẹ ṣe pa wọ́n nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọrin. Ẹ ò ṣe é dáa jù bẹ́ẹ̀ yẹn lọ."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo pa gbogbo wọn, mo fi ìyá wọn kádìí rẹ̀. Ìyàwó mi tan tọ́ọ̀ṣì orí fìlà rẹ̀. Ó fi tẹ́sítà kan ibi tó ti ké níṣàájú, kò ké. Ó tò wọ́n yípo, wáyà kan tẹ̀lé òmíràn, kò sí èyí tó fọhùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọkọ òun wọ ẹ̀wù, kó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírin, kó ra àpótí kékeré tí wọ́n ń so wáyà pọ̀ sínú rẹ̀ kan sí i, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, nítorí ọ̀kan ṣoṣo lòun ní, ìdílé méjì ò sì ní gbé inú rẹ̀. Ọmọ mi sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ fo ihò kan.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣọ́ swíìṣì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo padà sórí ìgbésẹ̀ kẹrin. Orí mi wà nínú àjà, ìdí mi dí ojú àpótí swíìṣì. Ta ló fẹ́ kọjá ìyẹn?

Mo wá rí iṣẹ́. Ó tú báńdéèjì. Ó gé gbogbo ibi tí wáyà ti jó kúrò títí bàbà inú rẹ̀ fi ń dán bí yẹtí tuntun. Ó bó ẹ̀wù wáyà, kò bó o jù, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ti àwọn okùn wọnú àpótí láti ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì dè wọ́n níbẹ̀, kó jẹ́ pé bí eku bá fa wáyà níta, inú ò ní mọ̀. Mo rọra ń fi àwọ̀ àwọn wáyà náà kọrin sí i, àmọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni:

Onírúsúrúsú, wá ẹbí ẹ lọ,
Aláró, wá ẹbí ẹ lọ,
Aláwọ̀ ewé tó fi yẹ́lò dárà,
Ilẹ̀ ló ni ẹ́, ilẹ̀ ni kó o lọ.

"Ẹ káàsán, Màmá," ni ohùn ńlá kan wí lẹ́yìn ìdí mi. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe ìdánwò lónìí ni?"

Ayẹnáwò ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù. Ènìyàn kúkúrú báyìí, ohùn rẹ̀ nìkan ló ga.

"Èmi ni ẹ̀ṣọ́ swíìṣì," mo ní. Mo sọ̀kalẹ̀ fún un, mo sì fi ẹ̀yìn ti àpótí swíìṣì pinpin. Ó gòkè. Láti ìgbà yẹn, etí nìkan ni mo fi rí gbogbo rẹ̀.

"Iṣẹ́ ò tíì parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Aago mẹ́rin ni mo pè."

"Kò ní parí láago mẹ́rin, sà. Mo bá iná kejì nínú ìdì yìí. Mo dúró pa gbogbo ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ta ló dì í bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú àpótí kejì, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Ẹnì kan tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, sà," ìyàwó mi dáhùn.

Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo sálúbàtà rẹ̀. Eruku wọ̀ mí lójú díẹ̀.

"Máa ṣe é lọ," Ayẹnáwò ní. "Mò ń wò ọ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ránṣọ rí lójú ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ yín, ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀! Kí n má purọ́, èmi gan-an, bí ènìyàn bá ń wò mí, mi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọmọ mi na àpótí kejì sí i látorí àkàbà. A gbọ́ síkúrù tó ń yí. A gbọ́ púláyà. Aago mẹ́rin lù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ìyàwó mi ní, "Ó parí, s... Ẹ dúró ná, sà. Mi ò tíì fà á fúnra mi."

Ó ń fà á. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ló bá dúró.

"Èyí mì," ó ní.

Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀! Ọkùnrin náà ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan! Ó tú síkúrù ibẹ̀, ó gé orí wáyà náà dànù, ó bó o lọ́tun, ó tì í wọlé dé ìsàlẹ̀, ó dè é. Ó fà á. "Kò mì mọ́, sà."

Ayẹnáwò ò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó kàn ní, "Sún díẹ̀." Ó wá ń fà wọ́n.

Okùn márùn-ún, wáyà mẹ́ta mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Gbogbo èyí tó bá fà, ó máa ń ní "hùn-ún," èmi náà a ká ìka kan. Ìka mi tán ní ìkẹwàá. Ọmọ mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, mo ń bá ìka tirẹ̀ lọ. Hùn-ún. Hùn-ún. Ìkẹtàlá. Hùn-ún. Ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin náà pẹ́. Ó fà á, ó tún un fà. Àtàǹpàkò ọmọ mi ni mo dì mú, ó ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ká a kúrò.

"Hùn-ún," ni ohùn ńlá náà wí.

Wọ́n dé ìdérí àpótí méjèèjì, ìyàwó mi sì kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ fún ẹni tó bá máa gòkè lọ́jọ́ iwájú. Ayẹnáwò ní, "Màmá, ẹ gbé e sókè." Mo gbé ìyá swíìṣì, mo gbé àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Iná yàrá mi tàn, ó sì wò mí tààrà, bí ọmọlúwàbí ṣe ń wo àgbà.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó mi funfun fún eruku láti òkè dé ilẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń ṣe búrẹ́dì. Ọwọ́ Ayẹnáwò ló ń wò. Ọkùnrin náà gbé ìwé lé ìgbésẹ̀ àkàbà, ó ń kọ, ó ń kọ.

"Mo ti pẹ́, sà," ìyàwó mi ní. "Mo mọ̀."

"O pẹ́," ó ní, kò gbójú sókè. "Àwọn tó máa ń yá jù, ìgbà tí mo bá tún padà lọ sílé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, àwọn panápaná ni mò ń bá níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ sí i, ó na ìwé náà sí i.

Ìyàwó mi na ọwọ́, ó rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúdú, ó fà á padà. "Màámi, ẹ bá mi dì í mú. Mi ò fẹ́ kó dọ̀tí."

Mo fi ìka méjì méjì di etí ìwé náà mú níwájú rẹ̀. Ìwé tí mo kà ò ju kíláàsì kejì lọ, mi ò sì mú dígí mi dání. Mo ní, "Kà á síta fún wa."

Ó kà á. Pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí tó dá iṣẹ́ iná ilé ṣe, pé kò nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Kò gbà pé òun kà á dáadáa, ó tún un kà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ rẹ̀ wá dúró tì í, ó ń bá a kà á látẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n sórí nígbà yẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kà á parí.